Fíìmù àtijọ́ lórí disíìkì tuntun: kí ló dé tí ti 1956 fi mọ́ ju ti 2002 lọ?

Ọmọ Ajílòṣùn (Adó)

Ẹ̀yin ará ilé, Èkìtì kete o. Ọ̀rọ̀ kan ń fa àríyànjiyàn nílé wa, mo ní kí n gbé e wá síbí kí ẹ bá wa dá a.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé tẹlifíṣọ̀n 4K wọlé, ínṣì 55. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Ìlú Ọba fi ẹ̀rọ tó ń ka disíìkì 4K ránṣẹ́, wọ́n sì kó disíìkì mélòó kan sí i. A kọ́kọ́ fi The Ten Commandments sí i, èyí tó jáde ní 1956. Aṣọ Fáráò, wúrà ọrùn rẹ̀, irùngbọ̀n Mósè, gbogbo rẹ̀ ló hàn gedegbe. Màmá mi ní láti ọjọ́ tí àwọn ti ń wò ó nígbà Ọdún Àjíǹde, àwọn ò rí i báyìí rí.

Ẹ̀yìn ìyẹn la fi Terminator 2 sí i, ti 1991. Ojú Arnold ń dán bí ìda. A gbé 28 Days Later sí i, ti 2002, lórí Blu-ray, disíìkì tó mọ́ ju DVD lọ àmọ́ tí kò tó 4K. Ó rí wúruwùru, etí gbogbo nǹkan págunpàgun. Nígbà tó wá di pé a ṣí fíìmù Yorùbá kan lórí YouTube, tí ẹni tó gbé e síbẹ̀ kọ "4K" gàdàgbà sí i lórí, a ò lè dá ojú ìyàwó mọ̀ yàtọ̀ sí ti ìyá ọkọ.

Bàbá mi ní tẹlifíṣọ̀n ló ní àrùn, ká dá a padà fún ẹni tó tà á. Àbúrò mi ní ayédèrú ni àwọn disíìkì yẹn. Èwo ni ká gbà gbọ́? Báwo ni fíìmù tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ṣe máa mọ́ ju èyí tí wọ́n ṣe lójú wa?

Kò-Kàn-Mí

Ẹ má dá nǹkan kan padà o! Tẹlifíṣọ̀n tó bá lè fi irùngbọ̀n Mósè hàn, kò sí ohun tó ṣe é. Ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà dé.

Bàbá Onísinimá (Ìkẹ́rẹ́)

Mo ti dé. Ọmọ mi, ẹ má bi fíìmù ní ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹ bi í pé kí ni wọ́n fi yà á.

Nígbà tí à ń gbé ẹ̀rọ sinimá kiri Èkìtì yìí, láti gbọ̀ngàn ilé ìwé dé gbọ̀ngàn ìlú, ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi kẹ́míkà bò ló wà nínú rólù wa. Kò sí ìlà lára rẹ̀, kò sí piksẹ́lì, ìyẹn àmì kéékèèké tí tẹlifíṣọ̀n fi ń to àwòrán. Ìmọ́lẹ̀ ló ń ya ara rẹ̀ sórí kẹ́míkà yẹn ní hóró kéékèèké. Fíìmù tó fẹ̀ ní mìlímítà 35, tí kámẹ́rà bá dára, tí ẹni tó ń yà á sì mọ iṣẹ́, ohun tó wà lára négátíìfù rẹ̀, ìyẹn fíìmù tó wà nínú kámẹ́rà gan-an, pọ̀ kọjá ohun tí tẹlifíṣọ̀n ayé ìgbà náà lè gbé jáde. Gbogbo rẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Ẹ̀rọ tí yóò fi í hàn nínú pálọ̀ ni kò tíì sí.

The Ten Commandments tiẹ̀ tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. VistaVision ni wọ́n fi yà á. Wọ́n dá fíìmù mìlímítà 35 yẹn dùbúlẹ̀ nínú kámẹ́rà kí àwòrán kọ̀ọ̀kan lè gba ihò mẹ́jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíìmù dípò mẹ́rin. Àyè tí àwòrán rí jókòó sí ju ìlọ́po méjì lọ. Ẹni tó bá ti ọ̀dọ̀ irú négátíìfù bẹ́ẹ̀ wá sínú 4K kò wá tọrọ nǹkan kan. Àmọ́ ẹ padà lọ wo ibi tí òkun ti pín. Ẹ tẹjú mọ́ etí àwọn èèyàn tó dúró níwájú omi, ẹ ó rí ìlà tó fi hàn pé ńṣe ni wọ́n gé wọn lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Lórí kásẹ́ẹ̀tì ìgbà yẹn, ìlà náà fi ara pamọ́. Mímọ́ máa ń tú àṣírí.

Ti 2002 yẹn wá ńkọ́? Kámẹ́rà fídíò kékeré ni wọ́n fi yà á, Canon XL1, tó ń gba kásẹ́ẹ̀tì DV pẹ́npẹ́. Ìlà 576 péré ló wà nínú àwòrán rẹ̀. Kò sí négátíìfù tí ẹnikẹ́ni lè padà sí. Àwọn tó ṣe é sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n fẹ́ ya ìgboro London ní ìdájí nígbà tí ẹsẹ̀ kò sí níbẹ̀, kámẹ́rà kéékèèké tó ṣeé tò kíákíá ló lè bá wọn ṣe é kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ẹ wò ó dópin. Ìparí rẹ̀ ni wọ́n fi fíìmù mìlímítà 35 yà, ẹ ó rí i tí àwòrán ṣàdédé mọ́.

Torí náà disíìkì yín kì í ṣe ayédèrú. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ ni wọ́n kó sínú rẹ̀.

Ọmọ Ọ̀yẹ́

Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n fi nọ́ńbà díẹ̀ tì í lẹ́yìn.

VCD jẹ́ piksẹ́lì 352 ní fífẹ̀, 288 ní gíga. DVD tiwa, ti PAL (ètò tẹlifíṣọ̀n tí à ń lò), jẹ́ 720 sí 576. Blu-ray jẹ́ 1920 sí 1080, 4K sì jẹ́ 3840 sí 2160. Tí ẹ bá sọ wọ́n di púpọ̀, gbogbo piksẹ́lì VCD jẹ́ 101,376, ti tẹlifíṣọ̀n 4K sì jẹ́ 8,294,400. Fún piksẹ́lì kan ṣoṣo tí VCD mú wá, tẹlifíṣọ̀n ní láti dí àyè bíi 82. Níbo ni yóò ti rí i? Àfi kó fojú díwọ̀n. Ìdí nìyí tí fíìmù tó ń wù wá wò lórí tẹlifíṣọ̀n ínṣì 21 fi ń dójú tì wá lónìí. Fíìmù yẹn kò bàjẹ́ sí i, ojú tí wọ́n ń fi í hàn ló gbòòrò.

Láti ìparí àwọn ọdún 1980 ni àwọn onífíìmù Yorùbá ti ń fi fíìmù sílẹ̀, tí wọ́n ń lo fídíò, torí owó. Fídíò tó tún wá gba inú VCD kọjá, ìyà méjì ló jẹ. Disíìkì kan kì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 74 lọ (ìdí nìyẹn tí fíìmù kan fi máa ń jẹ́ disíìkì méjì), wọ́n sì ní láti fún àwòrán náà pọ̀ gan-an kó tó lè wọlé. Igun mẹ́rin mẹ́rin tí ẹ máa ń rí nínú òkùnkùn tàbí nígbà tí ẹnì kan bá sáré kọjá, ibi fífún yẹn ló ti wá.

Kò-Kàn-Mí

Ẹni tó kọ 4K sórí YouTube yẹn, ṣé irọ́ ló wá pa?

Ọmọ Ọ̀yẹ́

Ìwọ̀n fáìlì rẹ̀ jẹ́ 4K lóòótọ́. Kọ̀ǹpútà ló fẹ̀ ẹ́. Kò sí ohun tuntun nínú rẹ̀, ojú tí kò sí lórí VCD kò lè wà lórí èyí. Àǹfààní kan ṣoṣo tí mo mọ̀ fún un ni pé YouTube kì í fún fáìlì ńlá pọ̀ tó bó ṣe ń ṣe fún fáìlì kékeré, nítorí náà igun mẹ́rin mẹ́rin yẹn lè dín kù díẹ̀. Ṣùgbọ́n dátà yín ló máa san owó rẹ̀. Ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí 480 tàbí 720, kí ẹ wò ó bóyá ojú yín á rí ìyàtọ̀.

Ìyá Oníkásẹ́ẹ̀tì (Òkèṣà)

Ẹ kú ìjíròrò o. Èmi tí mò ń tà á ni kí n sọ tèmi.

Ọ̀rọ̀ tó wà lójú páálí kò ní ìtumọ̀ kan lọ́jà yìí. Mo ti rí "4K Full HD Blu-ray" tí wọ́n tẹ̀ sára DVD tí fíìmù 20 wà nínú rẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. DVD tó jẹ́ alápá kan ń gba 4.7 GB. Ẹ pín in sọ́nà 20, fíìmù kọ̀ọ̀kan kò ní ju 235 MB lọ. Fíìmù kan ṣoṣo lórí DVD gidi máa ń gba nǹkan bí 4 GB, òmíràn á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 8 lórí èyí tó jẹ́ alápá méjì. Ẹ ti rí ohun tí wọ́n gé kúrò. Oníbàárà á tún bínú sí mi pé kò mọ́!

Ohun tí ẹ lè fi dá a mọ̀ kò le. Iná pupa ni ẹ̀rọ DVD fi ń ka disíìkì, aláwọ̀ búlúù ni ti Blu-ray, torí rẹ̀ ni ẹ̀rọ DVD kò fi lè ka Blu-ray láéláé. Disíìkì tí wọ́n bá pè ní 4K, tí ẹ̀rọ DVD yín àtijọ́ wá gbé e láìjanpata, DVD ni. Páálí Blu-ray gidi máa ń jẹ́ búlúù, ti 4K a máa jẹ́ dúdú, ẹ ó sì rí Ultra HD Blu-ray lókè rẹ̀. Disíìkì 4K ń gba 50 GB, 66 tàbí 100, kò sí ẹni tó máa to fíìmù ogún sínú rẹ̀.

Kí n sòótọ́, 4K gidi kì í dé ọ̀dọ̀ wa ní Adó, àfi kí ẹnì kan mú un bọ̀ láti òkè òkun. Ẹni tó bá ní òun ń tà á ní ẹ̀bá ọ̀nà ní owó ẹ̀kọ, ẹ máa wò ó.

Oníkámẹ́rà Ìkọ̀lé

Kò tíì sí ẹni tó dáhùn ọ̀rọ̀ ojú Arnold. Èyí ló dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀, torí pé fíìmù mìlímítà 35 ni wọ́n fi ya Terminator 2, kò sì sí ohun tó yẹ kó ṣe é.

Hóró tí Bàbá sọ yẹn, wọ́n máa ń hàn lójú àwòrán fíìmù, wọ́n á máa mì fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn kan lára àwọn tó ń tún fíìmù ṣe rò pé oníbàárà máa pè é ní ìdọ̀tí, ni wọ́n bá fi kọ̀ǹpútà fọ̀ ọ́ kúrò. Kọ̀ǹpútà ò mọ hóró yàtọ̀ sí awọ ara. Bó ṣe ń fọ hóró ló ń fọ ihò ara, ìlà ojú, fọ́nrán irun, títí kan òwú aṣọ. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni ẹ rí yẹn. Disíìkì 4K Terminator 2 tó jáde ní 2017, gbogbo ayé ló pariwo lé e lórí.

Predator, tó jẹ́ fíìmù 1987, jìyà rẹ̀ ṣáájú. Blu-ray rẹ̀ ti 2008 kún fún hóró, kò sì mọ́ tó. Wọ́n wá gbé òmíràn jáde ní 2010, wọ́n fọ̀ ọ́ títí ojú gbogbo wọn fi ń dán. Àwọn tó ní ti 2008 di tiwọn mú. Ìgbà tí 4K rẹ̀ jáde ní 2018 ni hóró padà, ojú èèyàn sì padà di ojú èèyàn. Ní 2024 ni Aliens àti True Lies tún dé lórí 4K, wọ́n ti jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ọlọ́gbọ́n (AI) tún àwòrán wọn yà kó lè mú, ìjà tún bẹ̀rẹ̀.

Kò-Kàn-Mí

Ẹ má bínú o, èmi fẹ́ràn èyí tó ń dán. Mo ra tẹlifíṣọ̀n olówó ńlá, ẹ wá ní kí n máa wo iyanrìn lójú òṣèré?

Oníkámẹ́rà Ìkọ̀lé

Kì í ṣe iyanrìn. Hóró yẹn gan-an ni àwòrán. Tí ẹ bá kó wọn kúrò, kò sí nǹkan mìíràn lẹ́yìn wọn.

Kò-Kàn-Mí

Ó dáa, ẹ̀yin oníkámẹ́rà ló mọ̀ ọ́n. Èmi á ṣì máa wo tèmi tó ń dán.

Bàbá Onísinimá (Ìkẹ́rẹ́)

Jẹ́ kó wo tirẹ̀, owó rẹ̀ ló fi rà á. Àmọ́ ẹ máa fi ìyàtọ̀ sí hóró àti ìfarapa o. Ìlà funfun tó ń sáré lójú àwòrán láti òkè dé ìsàlẹ̀, àmì dúdú tó ń yọ fìrí, àwòrán tó ń fò sókè sódò, ẹ̀rọ sinimá àti ọwọ́ àwa tó ń rólù rẹ̀ ló kó ìyẹn bá a. Ó tọ́ kí wọ́n tún ìyẹn ṣe. Bákan náà ni àwọ̀ tó ti ṣá. Ọ̀pọ̀ àdàkọ fíìmù ìgbà yẹn ló máa ń pọ́n bí ó bá ti pẹ́, torí àwọ̀ aró àti yẹ́lò inú rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń sálọ. Atúnṣe tó mọ iṣẹ́ á dá àwọ̀ padà, á nu ìfarapa kúrò, kò sì ní fọwọ́ kan hóró.

Oníṣẹ́-Iná Ìfàkì

Gbogbo ẹ ń sọ ti disíìkì. Ẹ jẹ́ ká wo tẹlifíṣọ̀n náà, torí bí wọ́n ṣe ń gbé e jáde nínú páálí, wọ́n ṣètò rẹ̀ kó lè tàn rokoṣo ní ṣọ́ọ̀bù ni. Kò sí ẹni tó ń wo fíìmù bẹ́ẹ̀.

Ẹ wọ inú ètò àwòrán. Tó bá wà lórí Vivid tàbí Dynamic, ẹ gbé e sí Movie, Cinema tàbí Filmmaker Mode. Ẹ ó kọ́kọ́ rò pé ó ti pọ́n, ó sì ti ṣókùnkùn. Ẹ fún ojú yín láyè díẹ̀, ẹ ò ní fẹ́ padà mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, Sharpness. Orúkọ rẹ̀ ló ń tan èèyàn. Kì í mú àwòrán mọ́, ìlà funfun ló ń fà yí etí nǹkan ká kó lè dà bíi pé ó mú. Ẹ ṣí fíìmù tó ní lẹ́tà nísàlẹ̀, ẹ máa fà á wálẹ̀ títí ìlà funfun tó yí lẹ́tà ká fi lọ. Ibẹ̀ ni kí ẹ dá a dúró. Fíìmù àtijọ́ ni nǹkan yìí ń bàjẹ́ jù, torí hóró ló kọ́kọ́ ń gbé sókè.

Èyí tó ń jẹ́ kí fíìmù Hollywood rí bí ètò orí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n yà nínú pálọ̀ ẹnì kan, tí ìrìn àwọn èèyàn ń yọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́: TruMotion, Motionflow, Auto Motion Plus. Àwòrán 24 ló wà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan fíìmù. Ńṣe ni tẹlifíṣọ̀n ń ya èyí tí kò sí, tó ń tì í sáàárín. Ẹ pa á. Noise Reduction náà, tó ń fọ hóró kúrò, ẹ pa á fún disíìkì Blu-ray àti 4K. Fún VCD àti YouTube, ẹ lè fi í sí Low, ó máa ń mú igun mẹ́rin mẹ́rin yẹn rọlẹ̀ díẹ̀.

Ẹ wá wo bí àwòrán ṣe fẹ̀. Fíìmù àti fídíò tí wọ́n yà fún tẹlifíṣọ̀n ìgbà yẹn jẹ́ 4:3, tiwa lónìí jẹ́ 16:9. Dúdú á ṣẹ́ kù lápá ọ̀tún àti òsì, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Bàbá tèmi kì í fẹ́ rí dúdú yẹn, wọ́n á ní owó gbogbo ojú tẹlifíṣọ̀n ni àwọn san! Ni wọ́n bá fà á títí gbogbo òṣèré fi sanra. Tí wọ́n bá sì fi Zoom sí i, orí á gé, ẹsẹ̀ á gé. Ẹ fi í sí Original tàbí 4:3.

Tó bá jẹ́ wáyà pupa, funfun àti yẹ́lò ni DVD yín fi so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ẹ yọ ọ́ bí ihò HDMI bá wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ lo wáyà ìyẹn. Wáyà yẹ́lò kan ṣoṣo yẹn ló ń ru gbogbo àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ pọ̀, wọ́n á sì dàpọ̀ mọ́ra lọ́nà. Mo ti rí ilé tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ríra tẹlifíṣọ̀n mìíràn, tó jẹ́ wáyà ni.

Mọ̀mí Basírì

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. Èmi ò ní 4K o. Kásẹ́ẹ̀tì fídíò ni tèmi, ìgbéyàwó wa ti 1994 àti fíìmù Yorùbá tí bàbá àwọn ọmọ ti kà sílẹ̀ láti orí tẹlifíṣọ̀n. Ẹnì kan ní òun máa bá mi sọ ọ́ di "HD". Ṣé kí n gbé e fún un?

Oníkámẹ́rà Ìkọ̀lé

Mọ̀mí, ẹ kúulé o. Ẹ má tíì gbé e fún ẹnikẹ́ni títí ẹ ó fi bi í ní ohun méjì tàbí mẹ́ta.

Ẹ kọ́kọ́ wo ojú fèrèsé kásẹ́ẹ̀tì náà níbi iná. Tí ẹ bá rí nǹkan funfun bíi hóhó lára téèpù, èbu ni. Òjò Èkìtì pọ̀, kásẹ́ẹ̀tì tó bá wà nínú àpótí nílẹ̀ kì í bọ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ki í bọ ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Èbu yẹn á lẹ̀ mọ́ orí tó ń ka téèpù, á sì ran èyí tó bá tẹ̀lé e. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á kọ́kọ́ tú u, á nù ún.

Ẹ bi ẹni yẹn pé kí ni ó máa fi gbà á sílẹ̀. VHS kò ní ju bí ìlà 240 lọ tí ẹ bá kà á láti òsì sí ọ̀tún, nítorí náà kò sí ohun tó ń jẹ́ HD nínú rẹ̀. Ohun tó dára ni kó gbà á ní 720 sí 576, bó ṣe wà gan-an, kó má gé nǹkan kan, kó má sì fún un pọ̀ jù. Tí ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bá ní ihò S-Video, tó ń ya ìmọ́lẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀, kó lo ìyẹn dípò wáyà yẹ́lò. Kó fún yín ní fáìlì tí kò tíì fọwọ́ kàn. Bó bá wù yín, kó wá ṣe òmíràn tó fi kọ̀ǹpútà tún ṣe. Mo ti rí èyí tí kọ̀ǹpútà ọlọ́gbọ́n tún ṣe, tí ojú ìyá ìyàwó di ojú obìnrin tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n nínú ẹbí. Tí ẹ bá ní fáìlì àkọ́kọ́, irú ìyẹn kò ní dùn yín.

Ẹ rí i pé iná tí kò ní ṣẹ́jú ló wà nílé onítọ̀hún, ínfátà tàbí sólà. Bí iná bá lọ nígbà tí téèpù ṣì ká mọ́ orí ẹ̀rọ, ibẹ̀ ni yóò há sí, ìgbà mìíràn á sì fún pọ̀.

Ẹ fi fáìlì náà sí ibi méjì, kí ibì kan jẹ́ ilé ọmọ yín tó wà níta ìlú. Kásẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ tò ó ní ìdúró bí ìwé, kó jìnnà sí ilẹ̀ àti ògiri tó ń rin.

Mọ̀mí Basírì

Olúwa á bù kún un yín. Mo ti pe onítọ̀hún, ó ní òun ò mọ ohun tó ń jẹ́ S-Video. Mo ní kó dúró ná.

Ọmọ Ajílòṣùn (Adó)

Ẹ ṣé púpọ̀. Mo ti pa Motion yẹn, mo sì ti fa Sharpness wálẹ̀. Bàbá mi kò sọ̀rọ̀ dídá tẹlifíṣọ̀n padà mọ́. Ìbéèrè mi tó kù: àwọn fíìmù Ògúǹdé, ti Bàbá Sàlá, ti Adé Love, fíìmù gidi ni wọ́n fi yà wọ́n, àbí? Kí ló dé tí wọn ò sí lórí Blu-ray?

Bàbá Onísinimá (Ìkẹ́rẹ́)

Fíìmù gidi ni. Aiyé ti Ògúǹdé, 1979. Ìjà Òmìnira, 1979. Ọ̀run Mooru ti Bàbá Sàlá, 1982. Mo rí wọn lójú aṣọ funfun, mo sì mọ bí wọ́n ṣe mọ́ tó. Ohun tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò jọ ohun tí mo rí.

Àwọn onífíìmù wa ló ń gbé àdàkọ wọn kiri fúnra wọn. Wọn kì í fẹ́ tà á sórí kásẹ́ẹ̀tì, torí ẹni tó bá ti rí i nílé kò ní sanwó ẹnu ọ̀nà mọ́. Ojú Ọ̀run Mooru rí màbo: àwọn olè àdàkọ gbé e sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, gbèsè tó kó Bàbá Sàlá sí kò kéré. Àdàkọ olè, tí ẹlòmíràn tún dà kọ, tí ẹnì kan tún wá gbé sórí VCD, òun lẹ ń wò ní "4K". Ẹ lè ka iye ìgbà tí àwòrán ti kú kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Kí wọ́n tó lè dé orí Blu-ray, ẹnì kan ní láti rí négátíìfù. Ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ fífọ fíìmù ìgbà yẹn, òkè òkun ni wọ́n ti ń ṣe é, London pàápàá. Fíìmù tó bá sì wà nílé wa, ooru àti ọ̀rinrin ni ọ̀tá rẹ̀. Tí ẹ bá ṣí agolo fíìmù tí ẹ gbọ́ òórùn fínígà, ike náà ti ń jẹ ara rẹ̀ nìyẹn.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ti lọ. Shaihu Umar, fíìmù Hausa tí Adamu Halilu ṣe ní 1976 láti inú ìwé Tafawa Balewa, wọ́n ti rò pé ó ti sọnù. Ní 2016 ni wọ́n rí i ní Jos, nílé ìpamọ́ iléeṣẹ́ fíìmù ìjọba, ipò rẹ̀ sì dára. Arsenal, ilé fíìmù kan ní Berlin, bá wọn tún un ṣe, wọ́n sì fi í hàn níbẹ̀ ní 2018. Ohun tó ṣeé ṣe fún ti Hausa yẹn ṣeé ṣe fún tiwa. Ẹni tó bá ní agolo fíìmù nínú àjà bàbá rẹ̀ ní Èkìtì yìí, kó má fi ṣeré. Kó má sì gbé e sẹ́nu ẹ̀rọ láti wò ó, ike tó ti gbẹ á já. Kó gbé e kúrò nínú ooru, kó wá ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ọmọ Ajílòṣùn (Adó)

Ìyẹn ká mi lára, Bàbá. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ń bọ̀ ní Kérésìmesì, kí n kọ orúkọ disíìkì tí mo fẹ́. Ṣé 4K ni kí n máa béèrè ní gbogbo ìgbà?

Ọmọ Ọ̀yẹ́

Rárá. Fíìmù tó jáde kí 2000 tó dé, tí wọ́n fi mìlímítà 35 tàbí èyí tó fẹ̀ jù ú lọ yà, tí wọ́n sì kọ sí i pé láti ara négátíìfù ni wọ́n ti ṣe 4K rẹ̀, ẹ béèrè rẹ̀. Láti 2000 sí nǹkan bí 2015, ọ̀pọ̀ fíìmù Hollywood ni wọ́n parí iṣẹ́ wọn lórí kọ̀ǹpútà ní 2K, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju Blu-ray lọ. Àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ HDR (tó ń jẹ́ kí ibi tó mọ́lẹ̀ àti ibi tó ṣókùnkùn yàtọ̀ síra sí i) nìkan ni 4K máa fi kún un, Blu-ray ti tó. Èyí tí wọ́n fi kámẹ́rà fídíò kékeré bíi ti 28 Days Later yà, DVD rẹ̀ ti tó. Fún kung fu àti fíìmù Íńdíà, ẹ ka ohun tí àwọn tó ti rà á sọ kí ẹ tó kọ orúkọ rẹ̀, torí àwọn kan wà tí ó jẹ́ DVD ni wọ́n fẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ sórí Blu-ray.

Ọ̀rọ̀ àgbègbè, ìyẹn apá ayé tí wọ́n ṣe disíìkì fún: Blu-ray Ìlú Ọba àti tiwa, B ni méjèèjì. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ A, ẹ̀rọ yín lè kọ̀ ọ́. Disíìkì 4K kò ní àgbègbè. DVD Ìlú Ọba jẹ́ 2, tiwa jẹ́ 5. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu tí fíìmù wákàtí méjì bá parí lórí DVD PAL ní bí ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú ti Blu-ray. Wọn ò gé e o, àwòrán 25 ni wọ́n ń sáré kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá dípò 24, ohùn àwọn òṣèré pàápàá á ga sókè díẹ̀.

Ìyá Oníkásẹ́ẹ̀tì (Òkèṣà)

Kí ẹ̀gbọ́n yín ya ẹ̀yìn páálí kọ̀ọ̀kan ní fọ́tò kí wọ́n tó sanwó, kí ẹ fi síbí, a ó bá yín kà á. Tí wọ́n bá sì lè bá mi mú Predator ti 2018 kan wá, mo ní oníbàárà tó ń dúró dè é, màá san owó rẹ̀.